Àrà Kì í Ṣe Èèmọ̀: Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Pe Ohun Tó Ṣàjèjì

Nínú ìwé kan tí ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé jáde lórí ère gbígbẹ́ nílẹ̀ Èkìtì, ó pe iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ní "iṣẹ́ abàmì". Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó dé ibi tó ti ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, "weird" ló kọ síbẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ẹ̀mí àìrí ló ń darí ọwọ́ agbẹ́gilére náà, àti pé àwa Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi pe ohun tí ojú kò rí rí àfi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ wọn báyìí, wọ́n ń fà á yọ bí ẹni pé ìwádìí ló ti wá. N kò lè dákẹ́ sí i mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà, gbogbo wa la sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Àrà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ń jáde lẹ́nu. Èèmọ̀ a máa wọ̀lú. A máa ṣẹlẹ̀. Èèyàn a máa kàgbákò rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé lágbájá jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń fara balẹ̀ ṣe èèmọ̀. Ìyanu, ara ẹni tó ń wòran ló wà: ẹnu rẹ̀ ló là sílẹ̀. Kàyéfì náà, ojú ẹni tó ń wò ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Abàmì lẹ̀ mọ́ ara ohun tí à ń sọ: abàmì ẹyẹ, abàmì ẹ̀dá, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Ní ti àjèjì, ibi tó ti wá là ń wò. Ṣùgbọ́n àrà, dídá ni wọ́n ń dá a. Onílù ń dárà, aláró ń dárà, oníṣọ̀nà ń dárà. Bí ẹnìkan bá ti sọ pé wọ́n dá àrà níbì kan, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé, ta ló dá a? A kì í bi èèmọ̀ ní irú ìbéèrè yẹn. Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ èèmọ̀ ni pé kí ló fẹ́ sọ, kí la ó sì fi ṣètùtù. Àràmàǹdà pàápàá, tí a sábà ń fi pe iṣẹ́ Olódùmarè, ẹni tó ṣe é kò sọnù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mú iṣẹ́ kúrò lábẹ́ àrà, tó gbé e sábẹ́ abàmì, ó ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Níwọ̀n bí ẹlẹgbẹ́ mi ti gba Gẹ̀ẹ́sì láyè láti ṣe adájọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n bá a dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni n ó lọ bá. Ọ̀rọ̀ "weird" tó gbára lé kò jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rárá. "Wyrd" ni wọ́n ń pè é nígbà ìwáṣẹ̀, àyànmọ́ ló sì ń tọ́ka sí. Nígbà tí Shakespeare lò ó fún àwọn obìnrin mẹ́ta inú eré Macbeth, ní nǹkan bí ọdún 1606, àwọn tó mọ kádàrá ẹ̀dá ló ń wí. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó rọ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá ti ṣàjèjì. "Strange" ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ará ìta. "Odd" jẹ́ ti àwọn ará Norway àtijọ́: orí ṣóńṣó onígun mẹ́ta ni, ẹni kẹta tí kò ní ìkejì. "Uncouth", tí wọ́n fi ń pe aláìmọ̀wàáhù lónìí, ohun tí a kò mọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó rántí pé ọwọ́ èèyàn lè ṣe ohun àrà.

Ṣùgbọ́n àwọn méjì kan wà tí ẹlẹgbẹ́ mi kò yà lọ́dọ̀ wọn. Àkọ́kọ́ ni "quaint". Látìnì tó túmọ̀ sí "mímọ̀" ló bí i, ó gba ilẹ̀ Faransé kọjá, nígbà ayé Chaucer, tó kú ní 1400, ọlọgbọ́n àti ọlọ́wọ́-ọnà ni wọ́n ń fi pè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi pe ohun tí ọlọ́wọ́-ọnà ṣe. Ohun tó bá jẹ́ "quaint" nígbà yẹn, ó ṣàjèjì lójú nítorí pé ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni "curious". Ìtọ́jú àti ìfarabalẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, òun ni wọ́n fi júwe àmùrè tó wà lára ẹ̀wù àlùfáà Áárónì, nítorí iṣẹ́ àràbarà tí wọ́n ṣe sí i. "Cunning" tí wọ́n ń fi pe alárékérekè báyìí, òun náà ni wọ́n lò nínú Bíbélì kan náà fún iṣẹ́ Besaleli, oníṣọ̀nà àgọ́ àjọ. Àwọn tó bá wa tú Bíbélì sí Yorùbá kò ṣiyèméjì nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀: iṣẹ́ aláràbarà ni wọ́n pè é. Wọn kò pè é ní abàmì. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí "quaint" àti "curious" ló yẹ kó dùn wá. Bí ayé ṣe ń lọ, wọ́n yọ oníṣẹ́ kúrò nínú wọn. "Quaint" di ohun àtijọ́ tó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. "Curious" di ti ẹni tó ń tojú bọlé. Láti inú "curiosity" tó bí ni wọ́n ti gé "curio" jáde, orúkọ tí àwọn oníṣòwò fi ń pe ère tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, Íńdíà àti Ṣáínà. Nígbà kan rí, àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù a máa ní yàrá tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ jọ sí, ìwo ẹranko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, ìkarahun lẹ́gbẹ̀ẹ́ adé, gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ilé ohun àkójọ ti British Museum fúnra rẹ̀, inú ẹrù tí Hans Sloane kó jọ báyìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1753. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó dá a. Ẹ ò rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àrà nígbà kan, ó sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Kí ló dé tí àwa yóò fi wá lọ yá èyí tó ṣẹ́ kù?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ọlọ́wẹ̀. Nípa ọgbọ́n ìwádìí, n kò ní fi í gùn. Ojú ìrísí àti ojú ìtumọ̀ ni mo fi wo iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, bí a ti máa ń ṣe. Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ dúró lé.

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, ní àárín 1870 sí 1880. Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ti ṣe ẹmẹ̀sẹ̀, ìránṣẹ́ ọba, ibẹ̀ náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba mìíràn nílẹ̀ Èkìtì àti ìlú tó yí i ká. Ó kú ní 1938. Ọdún yẹn gan-an ni ìwé ìtàn iwin àkọ́kọ́ tí Fágúnwà kọ jáde, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ka Fágúnwà kó tó wo Ọlọ́wẹ̀, ó wá ń rí iwin nínú gbogbo igi.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ọpọ́n ọlọ́mọrí tó wà ní ilé ohun àkójọ Smithsonian ní Washington. Gíga rẹ̀ lé díẹ̀ ní 60 sẹ́ńtímítà. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé ọpọ́n náà dání níwájú rẹ̀. Lórí ọmọrí, obìnrin mẹ́rin dúró yí po, wọ́n ń jó. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké kúnlẹ̀ yí ìdí ọpọ́n ká, wọ́n fi ọwọ́ àti orí gbé e ró, àyè tó wà láàárín wọn kò sì ju ibi tí ìka lè wọ̀ lọ. Ohun tó wà láàárín wọn ni mo ń bọ̀ wá wí: orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, odindi, kò so mọ́ ohunkóhun. Bí ẹ bá gbé ọpọ́n náà síhìn-ín, yóò yí síhìn-ín. Bí ẹ bá gbé e sọ́hùn-ún, yóò yí sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kò lè jáde. Àlàfo àárín àwọn tó kúnlẹ̀ kò gbà á.

Ẹlẹgbẹ́ mi ní orí ẹbọ ni. Ó kọ ojú ìwé tó pọ̀ lórí ìpayà tó wà nínú orí tí kò lọ́rùn. Kò sọ gbólóhùn kan lórí bí orí náà ṣe débẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọn kò gbẹ́ orí yẹn níta, kí wọ́n tó kì í bọ inú. Kò sí ibi tó gbà wọlé. Igi kan náà ni òun, àwọn tó kúnlẹ̀ àti ọpọ́n tí wọ́n gbé. Ìyẹn ni pé nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ gé igi rẹ̀, tó ń wọ́n ibi tí obìnrin yóò kúnlẹ̀ sí, ó ti fi ìwọ̀n igi kan pamọ́ sáàárín fún orí náà. Ó la àárín àwọn èèyàn kéékèèké náà láti ìta, ó ń ki ẹnu ọ̀bẹ bọ àlàfo kọ̀ọ̀kan, ó ń gbẹ́ ẹ̀yìn wọn lọ́nà tí kò fi lè rí gbogbo ohun tó ń gé. Ó gbẹ́ imú, ó gbẹ́ ojú, ó gbẹ́ irùngbọ̀n, nígbà tí orí náà ṣì so mọ́ igi lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló wá gé ibi tó so mọ́ kúrò. Bí ọ̀bẹ bá yọ̀ díẹ̀, apá ẹnìkan nínú àwọn tó kúnlẹ̀ ti dá nìyẹn, iṣẹ́ náà sì ti bàjẹ́, nítorí kò sí igi mìíràn tí a lè fi lẹ̀ ẹ́.

Tí èèyàn bá ti mọ èyí, kí ni ìpayà fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Ẹni tó gbé ọpọ́n náà lọ́wọ́ yóò gbọ́ tí nǹkan ń yí nínú rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ wò, yóò rí ojú tó ń wò ó. Yóò gbìyànjú láti fi ìka fà á yọ, kò ní yọ. Ìbéèrè tí yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni: báwo ló ṣe ṣe é? Ìbéèrè ẹni tó rí àrà nìyẹn. Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ pé a ó bèèrè rẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn tí orí náà fi ní láti máa yí. Bó bá jẹ́ orí ẹbọ ló fẹ́ gbẹ́, ì bá jẹ́ kó dúró gbọn-in lójú kan, kí a lè wò ó dáadáa.

Iṣẹ́ kejì ni ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn iṣẹ́ tó ṣe fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Òpó ilé kan nínú wọn wà ní Chicago, níbi tí olorì àgbà ti dúró lẹ́yìn ọba, tó ga jù ú lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ti kọ̀wé lórí rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ni tèmi. Apá méjì ni, ìpele márùn-ún ní apá kọ̀ọ̀kan. Ní apá òsì, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí, olorì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, Captain Ambrose, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ lórí àga àgbérù tí àwọn èèyàn gbé lé orí, àwọn arẹrù sì wà nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn ère náà yọ jáde lára pákó débi pé òkè ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra rẹ̀. Àwọn míì yí orí padà, wọ́n ń wo ẹni tó fẹ́ wọlé. Ilẹ̀ pákó tó wà lẹ́yìn wọn kún fún iṣẹ́ fínfín tó ní àwọ̀.

Nípa ìlẹ̀kùn yìí, ọ̀dọ́mọdé onímọ̀ kan ti ta ko ẹlẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó ta kò ó láti apá tí kò dára. Ó ní Ọlọ́wẹ̀ ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé ó sọ ọ́ di èèmọ̀, ẹ̀dá onímú gígùn tó rọ̀ sórí àwọn èèyàn dúdú. Ó wù mí kí n gbà fún un nítorí pé inú mi yóò dùn sí i. Igi náà kò gbà. Ọlọ́wẹ̀ fara balẹ̀ gbẹ́ òyìnbó yẹn bó ti fara balẹ̀ gbẹ́ àwọn yòókù. Ibi tí agbára wà ni bí wọ́n ṣe kọjú síra: ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń retí. Ògògà kò dìde. Àlejò ni ẹni tó ń bọ̀, àlejò kì í sì í wà láìsí onílé. Ìyàtọ̀ wà láàárín àlejò àti àjèjì. Ẹni tí a kò mọ̀ ni àjèjì. Ẹni tí a ti ṣílẹ̀kùn fún ni àlejò, ẹni tó ṣílẹ̀kùn ló sì ń pinnu ibi tí yóò jókòó sí. Orí ìlẹ̀kùn gan-an sì ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yìí ti fà mí dé ibòmíràn, n kò sì ní padà sẹ́yìn. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí London fún àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlẹ̀kùn tó ti ń gba àlejò ní Ìkẹ́rẹ́ ló wá di àjèjì níbẹ̀. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á. Ó gbà láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ tí wọ́n kàn fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ọba jẹ ni. Lójú tèmi, ó hàn gbangba pé ọba ka ìlẹ̀kùn rẹ̀ sí iṣẹ́ tí owó kò lè bá dọ́gba, pé iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ mìíràn nìkan ló lè dúró níwájú rẹ̀. Bóyá ìtẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. N kò rò pé ó tó.

Ẹ wá wo bí orúkọ ṣe rìn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ òkèèrè, Ọlọ́wẹ̀ ti kú fún ọdún mẹ́fà kí Philip Allison tó kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria ní 1944. William Fagg ti British Museum tẹ̀ lé e, ó ń fi ìrísí iṣẹ́ dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ káàkiri. Ó di 1998 kí Roslyn Adele Walker tó kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn tirẹ̀ nìkan ní Smithsonian. Ní ilé ńkọ́? Nígbà tí John Pemberton, onímọ̀ òkèèrè mìíràn, dé Ìsẹ̀ ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn aya Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú oríkì náà, àwọn ibi tó ti ṣe iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìlú tó bá ka ohun kan sí abàmì kì í ki ẹni tó ṣe é báyìí. Ibi tí wọ́n ti ń pè é ní "curio" ni orúkọ ti sọnù. Ibi tí wọ́n ti ń pè é ní àrà, orúkọ kò kúrò níbẹ̀ rí. Ẹlẹgbẹ́ mi ka Walker, ó ka Pemberton. Ó fa àwọn méjèèjì yọ. Ó yẹ kó ti rí i.

N kò ní láti lọ jìnnà kí n tó rí ibi tí àìbìkítà bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Ògòtún tí mo ti ń kọ èyí, lápá ibi tí ilẹ̀ Èkìtì ti bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pààlà, ẹní ni a fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ náà wà. Wọ́n á la ohun èlò wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á pa òmíràn láró, wọ́n á wá hun ún pọ̀ débi pé àwọ̀ yóò máa sá wọ inú ara wọn. Bí ẹnìkan bá hun irú èyí tí ojú kò rí rí, "ó dárà" ni wọn yóò wí. N kò gbọ́ "abàmì" lẹ́nu wọn rí. Síbẹ̀, nínú ìwé tí mò ń bá jà yìí, àwòrán ẹní mẹ́ta wà láti ìlú wa. "Ẹní Èkìtì, a kò mọ ẹni tó hun ún" ni wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé ìwé náà lọ bá àwọn ìyá tó ń hun ẹní ládùúgbò wa. Wọn kò tilẹ̀ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹní àkọ́kọ́, orúkọ kan ni gbogbo wọn dá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní òun nìkan ló máa ń jẹ́ kí dúdú já lulẹ̀ kí ìlà tó pé, kó tó tún gbé e padà. Àwọn yòókù ti gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ tiwọn a máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹní kẹta, wọ́n ní ará Ìlawẹ̀ tó fẹ́ ọkọ sí Ògòtún ni, wọ́n fi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe le jù nígbà tó bá ń ṣẹ́ etí ẹní hàn mí. Lórí èkejì ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ìyá kan tó ti kú ló hun ún. Wọ́n fi ibi tí ìlà méjì ti ń bá ara wọn pàdé láàárín hàn mí. Àwọn kan ní rárá, ọmọ rẹ̀ ni, pé ìyá kì í fi pupa sí etí, ọmọ ló fi kún àrà tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tí mo dìde.